Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Ìtàn Eré Ọta Ìbọn nínú Ìwé Ìpolówó àti Lójú Ìdánwò

Ẹnu dùn-ún ròfọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Bí ó bá jẹ́ ẹnu nìkan ni a fi ń se ọbẹ̀, kò sí ọbẹ̀ tí kì bá dùn. Òwe yìí kò mọ sí ilé ìdáná. Ó kan ọjà, ó kan iṣẹ́ ọwọ́, ó sì kan ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ pẹ̀lú. Ìjíròrò yìí dá lórí ibi kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lérò pé òwe náà lè dé, èyí ni iye tí àwọn tí ń ṣe kàtíríìjì ìbọn ráífù ń kọ sínú ìwé ìpolówó wọn nípa eré tí ọta ń sá, àti iye tí a ń bá pàdé nígbà tí a bá fi ẹ̀rọ wọn eré náà.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni eyí kan olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ìbọn nílé. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ìtàn yìí kì í ṣe ìtàn ìbọn nìkan. Ìtàn bí ọmọ aráyé ṣe kọ́ láti wọn ohun tí ojú kò lè rí ni. Ó tún jẹ́ ìtàn ẹni tí ó ní òṣùwọ̀n lọ́wọ́ àti ẹni tí kò ní, nítorí ẹni tí kò bá ní òṣùwọ̀n, ọ̀rọ̀ olọ́jà ni yóò máa gbà gbọ́. Nínú ọ̀rọ̀ tí ó kan ìbọn, irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ sì lè gba ẹ̀mí ènìyàn.

Ohun tí a ń pè ní eré ọta

Bí a bá yin ìbọn, ẹ̀tù inú rẹ̀ a gbiná, a di èéfín gbígbóná tí ó ń wá ọ̀nà àbáyọ. Èéfín yìí ni ó ń ti ọta gba inú ọ̀pá ìbọn jáde. Eré tí ọta ń sá bí ó ti ń kúrò ní ẹnu ìbọn ni àwọn onímọ̀ ń wọn. Nínú ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà àti ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, iye ẹsẹ̀ bàtà tí ọta lè rìn láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Ọta ìbọn ráífù ti òde òní sábà máa ń rin ẹsẹ̀ bàtà 2,000 sí 3,500 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohùn ènìyàn nínú afẹ́fẹ́ kò ju nǹkan bí 1,100 lọ. Ìdí nìyí tí ọta fi lè ba ẹran kí ẹran náà tó gbọ́ ìró ìbọn.

Eré yìí ṣe pàtàkì nítorí pé inú rẹ̀ ni agbára ọta wà. Bí ọta méjì bá wúwo bákan náà, tí eré ọ̀kan sì jẹ́ ìlọ́po méjì ti èkejì, agbára rẹ̀ kì í ṣe ìlọ́po méjì bí kò ṣe ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà, bí eré bá dín díẹ̀, agbára a dín jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọta náà a tún máa sọ̀ kalẹ̀ kí ó tó dé ibi tí ayìnbọn fojú sùn.

Ṣùgbọ́n eré ọta kì í ṣe ohun tí ó dúró sójú kan bí iye òkúta inú àpò. Bí ọ̀pá ìbọn bá gùn, èéfín a pẹ́ lẹ́yìn ọta, eré a sì pọ̀. Bí a bá gé ọ̀pá náà kúrú, eré a dín. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìbọn ráífù, íǹṣì kọ̀ọ̀kan tí a bá gé kúrò lè mú nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 20 sí 50 lọ nínú eré ọta. Bí ọjọ́ bá gbóná, ẹ̀tù a yára jó; bí òtútù bá mú, a lọ́ra. Lẹ́yìn èyí ni afẹ́fẹ́ wà, tí ó ń dènà ọta láti ìgbà tí ó bá ti yọrí ní ẹnu ìbọn. Ẹni tí ó bá sọ fún ni pé eré ọta kan jẹ́ báyìí-báyìí, tí kò sọ gígùn ọ̀pá ìbọn, tí kò sọ ìwọ̀n ooru, tí kò sì sọ ibi tí ó dúró sí wọn ọ́n, ìlàjì ọ̀rọ̀ ni ó sọ.

Robins àti ìtì igi tí ń fì

Fún ìgbà pípẹ́, kò sí ẹni tí ó mọ eré ọta ní tòótọ́. Ojú kò lè tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀ ni agogo tí ó wà nígbà náà kò lè kà á. Àwọn tí ń yin ìbọn ńlá mọ ibi tí ọta wọn ń bọ́ sí, ohun tí wọ́n sì mọ̀ kò ju ìyẹn lọ. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ tilẹ̀ gbà pé ọta òjé tàbí ti irin ti wúwo jù fún afẹ́fẹ́ láti lè ṣe é ní ohun kan tí ó yẹ kí a kà sí.

Ní ọdún 1742, Benjamin Robins, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé kan jáde tí ó pè ní New Principles of Gunnery. Nínú ìwé yìí ni ó ti ṣàlàyé ọgbọ́n kan tí ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń yani lẹ́nu pé kò sí ẹni tí ó kọ́kọ́ rò ó dé. Níwọ̀n ìgbà tí a kò lè wọn ohun tí ó yára, ó ní kí a sọ eré náà di ohun tí ó lọ́ra. Ó so ohun wíwúwo kan tí ó fi pákó bò lójú rọ̀, kí ó lè máa fì síwá sẹ́yìn. Ó yin ọta sí i lára. Ọta wọ inú pákó náà, ó dúró síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì fì sẹ́yìn papọ̀. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó so mọ́ ọn lábẹ́ ni ó fi mọ bí ó ti fì jìnnà tó.

Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè rí ọgbọ́n náà kedere, ẹ jẹ́ kí a mú ọta tí méjìlá rẹ̀ wúwo tó pọ́n-ùn kan, kí a sì gbà pé ohun tí a so rọ̀ wúwo tó pọ́n-ùn 56. Nígbà tí ọta bá wọ inú rẹ̀, àwọn méjèèjì papọ̀ a wúwo ju ọta nìkan lọ ní ìlọ́po 673. Bí eré ọta bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 1,680 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, eré ohun tí ń fì náà yóò jẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méjì ààbọ̀ péré. Ìyẹn kò ju ìrìn jẹ́jẹ́ ọmọdé lọ. Ohun tí ojú kò lè rí ti di ohun tí ọ̀já lè wọ̀n.

Ohun tí Robins rí dójú ti èrò àtijọ́. Ó yin ọta náà láti ìtòsí, ó sì tún yìn ín láti ọ̀nà jíjìn, ó wá rí i pé eré tí ó ń sọnù lójú ọ̀nà pọ̀ gan-an ni. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n kà sí aláìlágbára ń fi ipá tí ó ju ìwúwo ọta lọ ní ọ̀pọ̀ ìgbà dá a padà. Ní ọdún 1745, Leonhard Euler, ọ̀kan nínú àwọn àgbà onímọ̀ ìṣirò ayé, tú ìwé náà sí èdè Jámánì, ó sì fi àlàyé tirẹ̀ kún un. Láti ìgbà náà wá ni ó ti yẹ kí gbogbo ayé mọ̀ pé eré tí ọta ní lẹ́nu ìbọn yàtọ̀ sí eré tí ó ní níwájú. A ó rí i bí ó bá yá pé ẹ̀kọ́ náà kò tètè wọ gbogbo etí.

Ní àwọn ọdún 1860, ọ̀gágun Bẹ́ljíọ̀mù kan, Le Boulengé, mú iná mànàmáná wọ inú iṣẹ́ náà. Ó ta wáyà méjì sí ọ̀nà tí ọta yóò gbà. Bí ọta bá ti já wáyà àkọ́kọ́, òòfà tí iná mànàmáná ń gbé ró a jọ̀wọ́ ọ̀pá irin gígùn kan, ọ̀pá náà a sì máa já bọ́. Bí ó bá já wáyà kejì, irin mìíràn a bọ́ lulẹ̀, a sì tú ọ̀bẹ kan sílẹ̀ tí yóò sá ọ̀pá àkọ́kọ́ lójú bí ó ti ń bọ́. Ibi tí ojú ọ̀bẹ bá wà lára ọ̀pá ni ó ń sọ iye àkókò tí ó kọjá láàrin wáyà méjèèjì. Ẹ̀rọ yìí dára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ológun àti ilé-iṣẹ́ kàtíríìjì fi lò ó wọ ọ̀rúndún ogún. Ṣùgbọ́n ó wọ́n, ó sì gba ìmọ̀. Ọwọ́ ìjọba àti ọwọ́ àwọn tí ń tajà ni ó wà, kò sí lọ́wọ́ ẹni tí ń rajà.

Nígbà tí a di ẹ̀tù mọ́ inú idẹ

Ohun mìíràn tún ṣẹlẹ̀ ní àkókò kan náà tí ó mú kí ọ̀rọ̀ náà le sí i. Láyé àtijọ́, ẹni tí ó ń lo ìbọn ni ó ń wọn ẹ̀tù rẹ̀. Títí di òní, ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá tí ó ń lo ṣakabùlà ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ro ẹ̀tù sínú ìbọn, ó sì mọ bí òun ti rò ó tó. Ìbọn rẹ̀ kò ní ìwé ìpolówó. Ohun tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ ni ohun tí ojú rẹ̀ ti rí nínú igbó.

Kàtíríìjì yí èyí padà. Ẹ̀tù, ọta àti ohun tí ń tanná ràn án wà papọ̀ nínú ìkarahun idẹ kan tí ilé-iṣẹ́ ti dì pa. Àwọn Yorùbá pàápàá rí ìyípadà yìí ní ojú ogun. Nígbà Ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877 tí wọ́n sì fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà rẹ̀ ní ọdún 1886, àwọn ọmọ Èkìtìparapọ̀ tí ó wà ní Èkó ràn àwọn ará ilé wọn lọ́wọ́ láti rí ìbọn tuntun tí a ń ki láti ìdí, tí ó sì ń lo kàtíríìjì. Ìbọn náà yára ju ṣakabùlà lọ, ó sì ń bá ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n jagunjagun tí ó gbé e lọ́wọ́ kò rí ẹ̀tù inú rẹ̀ mọ́. Ẹlòmíràn tí ó wà ní òkè òkun ni ó ti wọ̀n ọ́n fún un. Ibẹ̀ gan-an ni ìmọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ ayìnbọn bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí ó ṣe kàtíríìjì, iye tí a kọ sínú ìwé sì di ohun tí a kàn ní láti gbà gbọ́.

Iye tí ó dùn létí

Bí iye bá ti di ohun ìgbàgbọ́, kò pẹ́ tí yóò fi di ohun ìpolówó. Àpẹẹrẹ tí ó hàn jù ni ti ọdún 1915 ní Amẹ́ríkà. Charles Newton, ẹni tí ó gbóná nínú ṣíṣe kàtíríìjì, ti ṣe ọ̀kan fún ilé-iṣẹ́ Savage. Èrò Newton ni pé ọta tí ó wúwo tó gíréènì 100 ni ó yẹ ẹ́. (Gíréènì 7,000 ni ó wà nínú pọ́n-ùn kan.) Ṣùgbọ́n pẹ̀lú ọta yẹn, eré náà kò dé 3,000. Ilé-iṣẹ́ náà wá yan ọta fífúyẹ́ tí ó jẹ́ gíréènì 87, nítorí pé pẹ̀lú rẹ̀ eré lè dé ẹsẹ̀ bàtà 3,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Wọ́n sì fi iye náà sọ kàtíríìjì lórúkọ: .250-3000.

Kò sí irọ́ nínú èyí. Ọta náà ń sá eré tí wọ́n sọ. Ohun tí ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ni pé iye ni ó yan ọta. Kì í ṣe ọta ni ó mú iye wá. Ohun tí ọdẹ nílò ni ọta tí yóò wọlé dáadáa lára ẹran, ṣùgbọ́n ohun tí ọjà nílò ni iye tí yóò dùn létí. Láti ìgbà náà, eré di ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń bá ara wọn díje, bí oníṣòwò aṣọ ti ń fi àwọ̀ díje.

Ìdíje náà ń bá a lọ títí di ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ní nǹkan bí ọdún 1958, ilé-iṣẹ́ Winchester gbé kàtíríìjì kan jáde tí ó ń jẹ́ .264 Winchester Magnum. Ìwé ìpolówó sọ pé ọta rẹ̀ tí ó jẹ́ gíréènì 140 ń sá 3,200, èyí tí ó jẹ́ gíréènì 100 sì ń sá 3,700. Láti inú ọ̀pá ìbọn gígùn tí ó jẹ́ íǹṣì 26 ni wọ́n ti ṣe ìṣirò náà. Àwọn tí ó rà á, tí ọ̀pá ìbọn wọn kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò rí eré náà. Nígbà tí ó yá, iye inú ìwé sọ̀ kalẹ̀ sí 3,030 fún ti àkọ́kọ́ àti 3,320 fún ti èkejì. Ohun tí ó fò lọ nínú ìwé jẹ́ 380 ẹsẹ̀ bàtà ní ti ọta fífúyẹ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jí i gbé.

Yáàdì 4,700

Ọdẹ tí ó pàdánù eré díẹ̀ lè pàdánù ẹran kan. Ti ológun kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1906, ọmọ-ogun Amẹ́ríkà ń lo kàtíríìjì tí a mọ̀ sí .30-06. Ọta rẹ̀ wúwo tó gíréènì 150, eré rẹ̀ lẹ́nu ìbọn sì jẹ́ 2,700. Wọ́n ti wọn iye yìí, òtítọ́ sì ni. Láti inú rẹ̀ ni àwọn oníṣirò ti wá ka ibi tí ọta náà lè dé bí a bá yìn ín gba òkè, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé yóò dé yáàdì 4,700.

Ní ọdún 1917, Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Kìíní. Ní ojú ogun ilẹ̀ Faransé, ọgbọ́n kan wà tí wọ́n ń lò gan-an: wọ́n á to ìbọn arọ̀jò-ọta sẹ́yìn, wọ́n á sì máa yin ọta gba orí àwọn ọmọ-ogun tiwọn kọjá, kí ó lè máa rọ̀ bí òjò lórí àwọn ọ̀tá tí ó wà lókèèrè. Irú iṣẹ́ yìí gbára lé ìwé ìṣirò pátápátá, nítorí ayìnbọn kò rí ibi tí ọta rẹ̀ ń bọ́ sí. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Ọta náà kò dé yáàdì 4,700. Nǹkan bí yáàdì 3,300 sí 3,400 ni agbára rẹ̀ mọ. Ohun tí ìwé fi kún un ju yáàdì 1,300 lọ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ro ohun tí ó túmọ̀ sí pé kí ọta kúrú, nígbà tí àwọn ará ẹni wà níwájú tí wọ́n sì ń retí ààbò láti ẹ̀yìn, yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ti ìwé.

Kí ni ó fa àṣìṣe náà? Eré ẹnu ìbọn kò purọ́. Èrò nípa afẹ́fẹ́ ni kò péye, pàápàá ní ọ̀nà jíjìn tí eré ọta ti rẹlẹ̀. Ìdí ọta náà pẹrẹsẹ. Afẹ́fẹ́ ń fà á sẹ́yìn ju bí àwọn oníṣirò ti rò lọ. Ẹ̀kọ́ tí Robins ti kọ́ ayé láti ọdún 1742 ni wọ́n tún ń fi ojú rí. Àwọn ológun Amẹ́ríkà wá kó ìbọn lọ sí etí òkun ní Daytona Beach, ní ìpínlẹ̀ Florida, níbi tí wọ́n ti lè rí i bí ọta ṣe ń bọ́ sínú omi àti iyanrìn. Julian Hatcher, ọ̀gágun tí ó mọ iṣẹ́ yìí dunjú, ṣàkọsílẹ̀ ìtàn náà lẹ́yìn náà nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1947. Láti inú ìdánwò náà ni ọta tuntun ti wá ní àárín àwọn ọdún 1920. Ó wúwo díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìdí rẹ̀ sì tín-ínrín bí ìdí ọkọ̀ ojú omi. Eré rẹ̀ lẹ́nu ìbọn kò tó ti àtijọ́, síbẹ̀ ó ń dé ibi tí ó ju yáàdì 5,000 lọ. Ọta tí ìpolówó rẹ̀ kò bá dùn tó ni ó lọ jìnnà jù.

Ẹfọ̀n Mozambique

Ní ọdún 1956, Winchester gbé kàtíríìjì mìíràn jáde, .458 Winchester Magnum, fún ọdẹ erin àti ẹfọ̀n ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ìbọn ńláńlá tí àwọn ọdẹ ń lò tẹ́lẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ́n gan-an, kàtíríìjì wọn sì ń dínkù lọ́jà. Èyí tuntun kéré ní owó, ó sì lè wọ inú ìbọn tí kò tóbi. Ìwé ìpolówó sọ pé ọta rẹ̀, tí ó tó gíréènì 500, ń sá eré tí ó lé ní 2,100, èyí tí ó súnmọ́ ti àwọn ìbọn ńlá náà. Ọ̀pọ̀ ọdẹ àti olùṣọ́ ẹranko ní ilẹ̀ Áfíríkà gbà á tayọ̀tayọ̀.

Ìṣòro rẹ̀ wà nínú ìkarahun. Ó kúrú, ọta sì gùn, ó sì jẹ àyè púpọ̀ nínú rẹ̀. Kí ẹ̀tù tí ó tó lè wọlé, wọ́n ní láti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidigidi. Bí kàtíríìjì bá pẹ́ nílẹ̀, ẹ̀tù tí a tẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè dì bí iyọ̀ tí ó rí omi, kò sì ní jó tán bí ó ti yẹ. Bí a bá tún yìn ín láti inú ọ̀pá kúkúrú, eré rẹ̀ lè má dé 2,000. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, iye inú ìwé sọ̀ kalẹ̀ sí 2,040.

Iwájú ẹfọ̀n kì í ṣe ibi tí a ti ń mọ̀ pé eré kò pé. Ní ọdún 1959, Jack Lott, ará Amẹ́ríkà tí ó jẹ́ ọdẹ àti òǹkọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ ìbọn, wà ní Mozambique pẹ̀lú .458. Ẹfọ̀n kan dojú kọ ọ́, ó kàn án, ó sì ṣe é léṣe gidigidi. Orí kó o yọ. Lẹ́yìn èyí, ó pinnu láti wá kàtíríìjì tí yóò ní àyè tí ó tó fún ẹ̀tù, ní ọdún 1971 ó sì gbé .458 Lott jáde, èyí tí ìkarahun rẹ̀ gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kò yẹ kí a sọ pé iye inú ìwé ni ó mú ẹfọ̀n kan ènìyàn. Ẹfọ̀n tí a fi ìbọn bà tí kò kú lè pa ẹnikẹ́ni, irú ìbọn yòówù kí ó gbé. Ohun tí ó yẹ kí a sọ ni pé ẹni tí yóò dúró níwájú ẹfọ̀n ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní tòótọ́.

Nígbà tí òṣùwọ̀n dé ọwọ́ ará ìlú

Títí di ìgbà náà, ẹni tí ó bá ṣiyèméjì nípa iye inú ìwé kò ní ohun tí ó lè ṣe. Ohun tí ó yí ọ̀rọ̀ padà ni ẹ̀rọ kékeré tí ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣiṣẹ́. Láti àwọn ọdún 1960, Ken Oehler, onímọ̀ ẹ̀rọ ní ìpínlẹ̀ Texas, àti àwọn mìíràn bí i, bẹ̀rẹ̀ sí ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún títà. Ojú méjì ni ẹ̀rọ náà fi ń wo òkè. Bí òjìji ọta bá kọjá lórí ojú àkọ́kọ́, agogo rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí kà. Bí ó bá kọjá lórí èkejì, agogo a dúró. Ìṣirò a sì jáde lójú ẹsẹ̀. Èrò inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti wáyà méjì Le Boulengé, ṣùgbọ́n ó kéré, kò sì wọ́n mọ́ bí ọdún ti ń yí lu ọdún.

Bí ẹ̀rọ yìí ti ń dé ọwọ́ ọdẹ àti òǹkọ̀wé ìwé ìròyìn ìbọn, bẹ́ẹ̀ ni iye inú ìwé ìpolówó ń bọ̀ wálẹ̀. Ọta kò yí padà, àwọn tí ń ṣe é kò sì ṣàdédé di olóòótọ́ ju ti àná lọ. Òṣùwọ̀n ti kúrò lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo ni. Òwe Yorùbá kan sọ pé òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni a fi ń ra èké. Ìtàn yìí fi kún un pé òtítọ́ a tà díẹ̀díẹ̀ níbi tí olùrà bá ti ní òṣùwọ̀n tirẹ̀ lápò. Lóde òní, ẹ̀rọ rédà kékeré tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kan gbé tilẹ̀ lè tẹ̀lé ọta láti ẹnu ìbọn, kí ó sì sọ bí eré rẹ̀ ti ń dín lójú ọ̀nà.

Iye tí kò purọ́ tí kò sì sọ òtítọ́ tán

Ó yẹ kí a ṣe ìdájọ́ òdodo fún àwọn ilé-iṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní ẹgbẹ́ kan láti ọdún 1926, tí a ń pè ní SAAMI, tí ó ń ṣètò bí a ṣe ń dán kàtíríìjì wò. Fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú kàtíríìjì ráífù, ọ̀pá ìdánwò jẹ́ íǹṣì 24, wọ́n sì ṣe inú rẹ̀ pẹ̀lú ìṣọ́ra tí ìbọn ọjà kì í ní. Ẹsẹ̀ bàtà 15 sí ẹnu ìbọn ni wọ́n ti ń wọn eré, ní ọjọ́ tí ooru rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ìlànà náà sì gbà kí eré kàtíríìjì fi ẹsẹ̀ bàtà 90 ga ju iye tí a kọ sílẹ̀ lọ tàbí kí ó fi 90 dín sí i. Nítorí náà, bí ìwé bá sọ 2,900, ti ẹnìkan lè jẹ́ 2,810, kí ó tún jẹ́ 2,990, kí ẹnikẹ́ni má sì rú òfin. Bí a bá wá fi ọ̀pá ìbọn íǹṣì 20 àti òwúrọ̀ olótùútù kún un, a ó rí i pé ènìyàn lè pàdánù 200 ẹsẹ̀ bàtà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tàn án jẹ.

Àwọn ológun pàápàá ní ibi tiwọn tí wọ́n ti ń wọ̀n. Fún ìgbà pípẹ́, ẹsẹ̀ bàtà 78 sí ẹnu ìbọn ni ọmọ-ogun Amẹ́ríkà ti ń wọn eré ọta ráífù. Ọta tí wọ́n lò jù nínú Ogun Àgbáyé Kejì ní eré 2,740 ní ibẹ̀, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí 2,800 lẹ́nu ìbọn. Iye méjì ni, ọta kan náà ni, òtítọ́ sì ni méjèèjì. Ibi tí òṣùwọ̀n dúró sí ni ó yàtọ̀.

Ohun tí ó wà nínú ìtàn yìí fún olùkọ́

Bí a bá wo ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀nà mẹ́ta ni a rí tí iye lè gbà ṣini lọ́nà. Ẹnìkan lè yan ohun tí yóò mú iye tí ó dùn jáde, bí ti ọdún 1915. Ẹlòmíràn lè fi iye kan tí a wọ̀n dáadáa ka ohun tí a kò wọ̀n rí, bí ti ọdún 1917. Ẹlòmíràn sì lè mú iye tí ó jẹ́ òtítọ́ ní yàrá ìdánwò, kí ó gbé e lọ sí inú igbó láìmẹ́nu ba bí a ti ṣe rí i. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, irọ́ pọ́ńbélé ṣọ̀wọ́n. Ìdí nìyí tí wọ́n fi pẹ́ kí àṣírí wọn tó tú. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n ìlàjì òtítọ́ lè rìn pẹ́ ju irọ́ lọ, nítorí pé òun náà wọ aṣọ òtítọ́.

Olùkọ́ tí ó fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ mọ èyí kò nílò ìbọn. Kí ó wá ìtì igi kékeré kan, okùn méjì, bọ́ọ̀lù amọ̀ tí kò tíì gbẹ, àti ìwọ̀n kan tí ó péye. Kí ó so ìtì igi náà rọ̀, kí ọmọ kan ju amọ̀ náà lù ú kí ó lè lẹ̀ mọ́ ọn, kí àwọn yòókù wọn bí ó ti fì tó, kí wọ́n sì ṣe ìṣirò eré amọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí Robins ti ṣe. Kí ó tó dé orí ìṣirò, kí ó kọ́kọ́ ní kí ọmọ tí ó ju amọ̀ náà kọ eré tí ó rò pé òun fi jù ú sílẹ̀. Kí wọ́n wá fi iye méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lójú pátákó. Kò ní sí ẹnikẹ́ni nínú kíláàsì náà tí yóò ní láti béèrè ohun tí àwọn àgbà ń sọ nígbà tí wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà.